Jacques Charles, Ẹni tí ó Wọn Wíwú Gáàsì

Awakọ̀ tí ó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní Ibo Road ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, kí ó tó kọrí sí ilé, abẹ́ òfin kan tí ń jẹ́ orúkọ Jacques Charles ni ó wà, ìbáà mọ̀ ọ́n, ìbáà má mọ̀ ọ́n.

Ìlú Beaugency ní ilẹ̀ Faransé ni a bí Charles sí ní ọdún 1746. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ṣe ní Paris kí ó tó yà sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1783, ó rán bàlúùnù ńlá tí ó kún fún háídrójìn sójú ọ̀run láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó já bọ́ sí abúlé Gonesse. Àwọn ará oko ṣebí abàmì ẹ̀dá ni, wọ́n sì fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, Charles fúnra rẹ̀ gòkè pẹ̀lú Nicolas-Louis Robert. Ó fi ẹnu bàlúùnù sílẹ̀ ní ṣíṣí kí gáàsì tí ó bá wú jù lè rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí Robert sọ̀kalẹ̀, Charles nìkan tún gbéra. Ó ga tó bí 3,000 mítà, ó rí wíwọ̀ oòrùn lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n etí dùn ún gidigidi. Kò tún fò mọ́ títí ó fi kú.

Robert Boyle ti fi hàn ní ọdún 1662 pé bí agbára tí ó tẹ gáàsì bá dín kù sí ìdajì, àyè tí gáàsì náà gbà yóò di ìlọ́po méjì. Ti ooru ni Charles wá wádìí ní nǹkan bí ọdún 1787: ó mú gáàsì márùn-ún gbóná bákan náà, gbogbo wọn sì wú ní ìwọ̀n kan náà.

Kí a tó ṣírò rẹ̀, a ó fi 273 kún dígírì Celsius. Dígírì 27 di 300, dígírì 42 di 315. Bí atẹ́gùn 20 lítà bá ti ti 27 gbóná dé 42, tí agbára tí ó tẹ̀ ẹ́ kò sì yí padà, a ó sọ 20 di púpọ̀ lọ́nà 315, a ó fi 300 pín in. Ó di 21 lítà.

Táyà kò ní àyè àti wú bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbára inú rẹ̀ ni yóò máa ga. Òwúrọ̀ tí táyà tutù ni kí awakọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá tú atẹ́gùn dànù lójú ọ̀nà nítorí pé táyà gbóná, yóò bá a ní rírọ̀ nígbà tí ó bá tutù. Táyà rírọ̀ lábẹ́ ẹrù a sì máa gbóná jù, títí yóò fi bẹ́.

Charles kò tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Joseph Louis Gay-Lussac ni ó tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1802, ó sì jẹ́wọ́ pé Charles ti ṣáájú òun. Charles kú ní Paris ní oṣù Kẹrin ọdún 1823.