OLÓYÈ S. O. AWÓKỌ̀YÀ: OLÙKỌ́ TÍ Ó ṢÍLẸ̀KÙN SÁYẸ́ǸSÌ FÚN WA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá perí akọni, a ó fidà lalẹ̀. Akọni tí mo fẹ́ perí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe ọba. Olùkọ́ ni. Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Awókọ̀yà ni mínísítà tí ó gbé ètò náà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Síbẹ̀, èyí kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wù mí jù. Èyí tí ó wù mí jù ni ìlàkàkà rẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè kọ́ sáyẹ́ǹsì dé yunifásítì.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ onísáyẹ́ǹsì. Ó kàn mí. Ketu ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tòmátì ni ìyá mi sì ń tà ní ọjà Mile 12. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni mo wà. Ilé-ìwé wa, tí n kò ní dárúkọ, ní yàrá kan tí wọ́n ń pè ní lábọ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí mo wọlé, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo jáde. Orí pátákó ni olùkọ́ wa ti ń ya ìgò àti iná fún wa. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá dé, tí wọ́n gbé ìgò gidi síwájú mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N kò mọ èyí tí à ń dà sínú èyí. Bí mo ṣe fìdí rẹmi nìyẹn. N kò kábàámọ̀ pé Yorùbá ni mò ń kà lónìí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ti wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé kan náà báyìí, àgádágodo náà sì wà níbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí mo fi lọ wá ìtàn ọkùnrin yìí kà.

Ìlú Awa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a ti bí Awókọ̀yà ní ọdún 1913. Ó kàwé ní St. Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ìjọ CMS ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yaba Higher College ní Èkó. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ènìyàn wa lára. Ní ọdún 1934 ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣí i ní gbangba. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ láti di olùrànlọ́wọ́ dókítà, olùrànlọ́wọ́ ẹnjiníà àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn le, ọdún tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sì gùn, ṣùgbọ́n wọn kì í fún wọn ní oyè yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà kò wúlò ní òkè òkun, abẹ́ òyìnbó ni wọn yóò sì máa ṣiṣẹ́ títí. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó sí i. Ìbínú yìí wà nínú ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934 kan náà, ẹgbẹ́ tí ó di Nigerian Youth Movement nígbà tí ó yá. Ní ọdún 1948 ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba lọ sí Ìbàdàn láti fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Awókọ̀yà kò jẹ́ kí ibi tí wọ́n fi àlà sí fún un jẹ́ òpin ìrìn rẹ̀. Ó tún tẹra mọ́ ìwé títí ó fi gba oyè B.Sc. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó dá ilé-ìwé girama tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1949, tí wọ́n pè é ní Molusi College, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, kò wọ́pọ̀ kí onísáyẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama tí ará ìlú fi owó ara wọn kọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ tí ìṣèlú fi pè é. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ó gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1951. Ní ọdún 1952 wọ́n fi Awókọ̀yà ṣe Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́. Ní oṣù Keje ọdún náà ni ó gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀: kí gbogbo ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ di mẹ́fà, kí a dá ilé-ìwé mọ́dàn ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè lọ sí girama, kí a sì sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ di púpọ̀.

Ètò náà kò rọrùn rárá. Wọ́n bu owó orí lé àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954. Wọn kò torí rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600; ní ọdún 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láàrin ọdún kan, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọdún kan sọ olùkọ́ tó mọṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Banjo wo ètò náà wò ní ọdún 1961, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ jù, àti pé ìmọ̀ àwọn ọmọ ti lọ sílẹ̀. N kò ní fi èyí pamọ́ nítorí pé mò ń yin ọkùnrin náà. Ilé tí a bá fi ìkánjú kọ́, òjò yóò wò ó wò. Ṣùgbọ́n èwo ni à bá yàn: kí ọmọ wà nínú ilé tí ń jò, àbí kí ó wà ní ìta pátápátá? Ní tèmi, mo gbà pé Awókọ̀yà yan èyí tí ó tọ́, nítorí pé òrùlé ṣeé tún ṣe, ìgbà èwe ọmọ kò ṣeé dá padà.

Ní ọdún 1956 ni aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú nínú ìdìbò ọdún náà. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú ni irú èyí ì bá sọ di ẹni tí ń bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Awókọ̀yà padà sí ìdí iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ní àkókò náà, òmìnira ti ń bọ̀, àyè sì wà ní Ìbàdàn fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ìṣègùn, ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí yóò wọ àyè náà ni kò tó. Kì í ṣe pé ọpọlọ àwọn ọmọ wa kò pé. Ilé-ìwé girama tí ó ní lábọ̀ ni kò wọ́pọ̀. Èyí tí ó sì ní kíláàsì kẹfà, níbi tí ọmọ ti lè múra ìdánwò tí yóò gbé e wọ yunifásítì, kò ju díẹ̀ lọ. Ọmọ lè gbóná nínú ìwé bí iná, bí kò bá rí ibi kọ́ físíìsì àti kẹ́mísìrì, akọ̀wé ni yóò dà. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi dá Federal Emergency Science School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1958, tí wọ́n sì fi Awókọ̀yà ṣe ọ̀gá àgbà rẹ̀. Orúkọ náà pàápàá fi hàn pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tí ó ti yege ní girama wá síbẹ̀. Wọn yóò kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kíkankíkan, títí wọn yóò fi lè dúró níwájú ìdánwò tí yunifásítì ń béèrè. Nígbà tí ó yá, ilé-ẹ̀kọ́ náà di Federal School of Science.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ká lára ní ọdún náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1957 ni àwọn ará Rọ́ṣíà ju Sputnik sí òfuurufú. Jìnnìjìnnì mú Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1958 wọ́n ṣòfin, wọ́n sì da owó ìjọba lé ìkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò lórí, láti ilé-ìwé kékeré dé yunifásítì. Ọ̀rọ̀ tí ó lé Amẹ́ríkà dìde, a ti rí i níhìn-ín ní tiwa. 

Owó Amẹ́ríkà sì dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Àjọ Carnegie ti New York ni ó san owó iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Ashby, tí wọ́n yàn ní ọdún 1959 láti wo ohun tí Nàìjíríà nílò nínú ẹ̀kọ́ gíga. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n: ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta, ará Bìrìtìkó mẹ́ta, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta. Ashby fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko. Ọ̀mọ̀wé Sanya Onabamiro, onísáyẹ́ǹsì tí ó ṣe ìwádìí lórí sòbìyà, wà nínú wọn. Ní ọdún 1960 wọ́n jábọ̀ pé ó kéré tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ 7,500 wà ní àwọn yunifásítì wa tí ó bá fi máa di ọdún 1970. Ní ọdún 1961, UNESCO rán àwọn amòye wá láti gbani nímọ̀ràn lórí Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yìí ni Awókọ̀yà di Olùdámọ̀ràn Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ti di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó ni ó wá ń bá àwọn olówó àti àwọn amòye àgbáyé jókòó.

Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí UNESCO ní ìlú Paris, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ẹ̀ka tí ó ń rí sí sáyẹ́ǹsì àti ìwúlò rẹ̀ fún ìdàgbàsókè. Ọ̀nà kan tí UNESCO là sílẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn yẹ kí á mọ̀. Wọ́n ṣe ètò físíìsì ní São Paulo ní ọdún 1963, ti kẹ́mísìrì ní Bangkok ní ọdún 1965, ti bàyọ́lọ́jì fún Áfíríkà ní Cape Coast ní Gánà ní ọdún 1967. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni wọ́n kó jọ láti fi ohun tí kò wọ́n ṣe irinṣẹ́ fúnra wọn. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí UNESCO tẹ̀ ní ọdún 1956 fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kún fún ohun tí a lè fi agolo, ìgò, àbẹ́là àti okùn ṣe.

Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí lábọ̀ wa tí wọ́n tì pa. Agolo kò wọ́n ní Ketu. Ìgò kò wọ́n ní Ìkòsí. Ní Mile 12, apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí ó ń jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́ta pàápàá tó ẹ̀kọ́ bàyọ́lọ́jì fún odidi sáà kan. Ìyá mi kò lọ sí girama, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ rà nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Awókọ̀yà papò dà ní ọdún 1985. Àwọn tí ó mọ iyì rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, èyí tí ó ń fi owó ran àwọn tí ó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì lọ́wọ́. Mo rò pé ìyẹn yẹ ẹ́ ju ère lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí ó jẹ́ tiwa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àjọ Ford. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí a ń lò ní kíláàsì wa kò kọjá èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Awókọ̀yà ṣí ilẹ̀kùn, Fáfúnwá fi hàn pé èdè wa lè gba ibẹ̀ wọlé. Ta ni yóò ko ọ̀rọ̀ físíìsì àti kẹ́mísìrì jọ, bí kì í bá ṣe àwa tí a ń gba oyè nínú Yorùbá?

Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti àbúrò mi fi ìgò òróró méjì, rọ́bà àti iyọ̀ ṣe ohun kan tí ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ní lábọ̀. Èmi ni mo ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí à ń rí, òun ni ó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Omi dà sórí ẹní ìyá wa, ìyá wa sì bínú sí wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò mi kò gbọ̀n. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Olóyè Awókọ̀yà, kí ó sì jẹ́ kí á rí ẹni tí yóò ṣí àgádágodo tó kù.