Joseph Lister, Ọ̀tá Kòkòrò Inú Ọgbẹ́

Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí a bá sọ fún ní ilé ìwòsàn pé àfi kí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ikú kò jìnnà sí òun mọ́. Láti ọdún 1846 ni àwọn dókítà ti rí oògùn tí í mú aláìsàn sùn fọnfọn kí abẹ tó kàn án, nítorí náà kì í ṣe ìrora ni ó ń pa wọ́n. Iṣẹ́ abẹ a yọrí sí rere, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ọgbẹ́ a wú, a kún fún ọyún, a máa rùn, ibà líle a sì dá aláìsàn dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú ni àwọn dókítà ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ abẹ tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ ẹnì kan, wọn a kàn nù ún, wọn a sì tún fi gé ti ẹlòmíràn. Ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ni wọ́n sì ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó la ojú wọn ni Joseph Lister.

A bí Lister ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọdún 1827, ní Upton, lẹ́bàá ìlú London. Oníṣòwò wáìnì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn ni ṣíṣe àtúnṣe awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá lójú. Nídìí awò yìí ni ọmọ náà ti dàgbà. Láti kékeré ni ó ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí kì í ṣe aláìsí. Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní London ní ọdún 1852, ó sì lọ sí Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, lọ́dọ̀ James Syme, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1856 ó fẹ́ Agnes, ọmọ Syme, ẹni tí ó di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ìwádìí rẹ̀.

Ní ọdún 1860 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Glasgow. Níbẹ̀ ni ọ̀ràn kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí egungun bá ṣẹ́ tí awọ ara kò ya, a máa san; ṣùgbọ́n bí egungun náà bá yọ síta, ọgbẹ́ a jẹrà, aláìsàn a sì máa kú nígbà púpọ̀. Kí ni ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé? Ní ọdún 1865 ó ka ìwé Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó fi hàn pé àwọn kòkòrò tíntìntín tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ni ó ń ba wàrà àti wáìnì jẹ́. Lister rò ó pé irú wọn ni ó ń ba ẹran ara jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Pasteur sọ pé a lè gbà mú kòkòrò wọ̀nyí kúrò: a lè fi iná sè wọ́n pa, a lè sẹ́ wọn dànù, a sì lè fi oògùn pa wọ́n. A kò lè se ara alààyè, a kò sì lè sẹ́ ọgbẹ́. Oògùn nìkan ni ó kù. Lister ti gbọ́ pé ní ìlú Carlisle wọ́n ń da kábọ́líìkì, oògùn tí a ń yọ láti inú ọ̀dà èédú, sínú omi ẹ̀gbin, òórùn rẹ̀ sì ń dínkù. Ó pinnu láti dán an wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1865, a gbé James Greenlees, ọmọdékùnrin ọdún 11, dé. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀, egungun ti ṣẹ́, awọ sì ti ya. Gígé ni à bá gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lister to egungun náà, ó sì fi aṣọ tí a rẹ sínú kábọ́líìkì bo ọgbẹ́. Nígbà tí ó tú u ní ọjọ́ kẹrin, kò rí ọyún, kò gbóòórùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egungun ti so pọ̀.

Láti ìgbà náà ni Lister ti pàṣẹ pé ohunkóhun tí yóò kan ọgbẹ́, ìbáà ṣe ọwọ́ dókítà, abẹ, okùn tàbí aṣọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kábọ́líìkì fọ̀ ọ́. Ó kéde ọ̀nà yìí nínú ìwé ìròyìn Lancet ní ọdún 1867. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú ènìyàn 35 tí a gé ní ẹsẹ̀ tàbí apá lọ́dọ̀ rẹ̀, 16 ni ó kú; láti ọdún 1867 sí 1869, nínú 40, 6 péré ni ó kú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà London kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn kò rí kòkòrò kankan, oògùn náà sì ń bó àwọn lọ́wọ́. Lister kò bá wọn jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Àwọn ará Jámánì ti tẹ́wọ́ gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí London ní ọdún 1877, láti lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tí ń ṣiyèméjì.

Ṣùgbọ́n kábọ́líìkì a máa jó ara alààyè pẹ̀lú. Nítorí náà àwọn onímọ̀ padà sí ọ̀nà iná, kì í ṣe fún ara aláìsàn, bí kò ṣe fún irin iṣẹ́ àti aṣọ. Omi híhó lásán kò tó, nítorí àwọn kòkòrò kan a máa sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle. Ní ọdún 1879 Charles Chamberland, tí ó ń bá Pasteur ṣiṣẹ́, ṣe ìkòkò irin tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, tí ooru omi kò fi lè jáde. Bí ooru náà ti ń há mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń gbóná ju omi híhó lọ. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n 121 Sẹ́ńtígíréèdì fún ìṣẹ́jú 15, àti kòkòrò àti èyí tí ó wà nínú èèpo ni yóò kú. Lister kò ta ko àyípadà. Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń fín kábọ́líìkì sínú afẹ́fẹ́, òun náà ni ó sọ ní gbangba ní ọdún 1890 pé kò wúlò mọ́.

Ọbabìnrin Victoria fi í joyè Lọ́ọ̀dù ní ọdún 1897. Ó kú ní ìlú Walmer ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ọdún 1912, ní ẹni ọdún 84. Kò fi ọmọ sílẹ̀ sáyé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí abẹ kàn tí ó sì padà sílé láàyè jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìkòkò ooru ti gba ipò kábọ́líìkì ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òfin Lister kò yí padà: ohun tí a kò bá tí ì pa kòkòrò ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọgbẹ́ ènìyàn, bí ó ti wù kí ó mọ́ lójú tó.