John Boyd Dunlop, Dókítà Ẹran Tí Ó Fi Afẹ́fẹ́ Sínú Táyà

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1840, ní abúlé Dreghorn ní ilẹ̀ Scotland, ìyàwó àgbẹ̀ kan bí ọmọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní John Boyd. Dunlop ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ gbà pé oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Nítorí náà, láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún un pé kó máa rọra ṣe, kó má ṣe fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Ìkìlọ̀ yìí kò kúrò létí rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Ó máa ń ka ara rẹ̀ sí aláìlera, bẹ́ẹ̀ àìsàn ńlá kan kò ṣe é.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó bá nílé, ojú rẹ̀ sì mọ́ ẹran ọ̀sìn. Ó lọ sí ìlú Edinburgh láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran. Ọmọ ọdún 19 péré ni nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1867, ó sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ Ireland. Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀, James, jọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Downpatrick. Lẹ́yìn náà ni Dunlop lọ sí ìlú ńlá Belfast. Ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò nígbà náà, nítorí náà iṣẹ́ kì í wọ́n dókítà ẹran. Ilé ìtọ́jú ẹran rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní ilẹ̀ Ireland. Owó ń wọlé, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni yóò mú orúkọ rẹ̀ yí ayé ká.

Kẹ̀kẹ́ Johnny

Dunlop ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Johnny. Ní ọdún 1887, Johnny tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ó sì ń wù ú kó sáré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Belfast kò rọrùn fún kẹ̀kẹ́. Òkúta líle ni wọ́n tò sí ojú títì, bí a ṣe ń rí i ní àwọn ọ̀nà kan ní Gbégamey ní ìlú Kútọnu lónìí. Ti Belfast tilẹ̀ tún ṣe gbágungbàgun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rọ́bà líle ni wọ́n fi ń yí etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ká nígbà náà. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Bí ó bá gun òkúta, ọmọ tó jókòó lórí rẹ̀ á gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹsẹ̀ á ro ó, ẹ̀yìn á dùn ún, kẹ̀kẹ́ kò sì ní yára.

Dunlop lágbára láti ra kẹ̀kẹ́ mìíràn fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà líle kan náà ni yóò bá ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun náà. Ohun tí ó ń wá kò sí lọ́jà. Ó ń wá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí yóò rọrùn lórí ọ̀nà burúkú, tí kò ní tètè bàjẹ́, tí kò sì ní ná an ní owó púpọ̀. Ó pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ó gé pákó kan róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ó mú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi di túùbù. Ó fi aṣọ bo túùbù náà, ó sì kàn án mọ́ etí pákó yíká. Ó wá mú páǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ó fi le.

Dunlop kò kàn gbà pé ohun tí òun ṣe dára. Ó dán an wò. Ó tú ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ Johnny, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sí àgbàlá. Ó kọ́kọ́ yí èyí tó ní rọ́bà líle. Ó yí dé ibì kan, ó sì ṣubú kó tó dé òpin àgbàlá. Ó wá yí èyí tó ní afẹ́fẹ́. Èyí yí gba gbogbo àgbàlá kọjá, ó kọ lu géètì, ó sì ta padà sẹ́yìn.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Bí rọ́bà líle bá pàdé òkúta kékeré, gbogbo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni yóò fò sókè. Agbára tó yẹ kó gbé e lọ síwájú á ṣòfò sí òkè. Ṣùgbọ́n bí táyà afẹ́fẹ́ bá pàdé òkúta náà, ibi tí òkúta ti kàn án nìkan ni yóò tẹ̀ wọ inú. Bí ó bá kọjá, ibẹ̀ á tún padà sípò. Kẹ̀kẹ́ á máa lọ geere.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1888, Dunlop ṣe táyà afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kẹ̀kẹ́ Johnny. Ọmọ náà gùn ún, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ ṣe èyí tó tóbi fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó sì dán an wò ní pápá ìṣeré Cherryvale ní Belfast. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1888, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rín di ìyanu

Àwọn ènìyàn kò tètè gba táyà tuntun yìí. Ó tóbi, ó sì rí wúruwùru lójú wọn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Hume. Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ní Belfast. Kì í ṣe òun ló yára jù nínú àwọn eléré ìje ìgbà náà. Síbẹ̀, ó ra kẹ̀kẹ́ kan tó ní táyà Dunlop.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, wọ́n ṣe eré ìje ní Queen's College ní Belfast. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí kẹ̀kẹ́ Hume. Ìje mẹ́rin ni ó bá wọn sá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì borí. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Láìpẹ́, ó lọ sí ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún borí níbẹ̀.

Lára àwọn tí Hume fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn ọmọ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Harvey du Cros. Ọkùnrin yìí kò bínú. Ó rí i pé táyà yìí ni ọjọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1889 náà, ó kó owó jọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn mìíràn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Dublin. Dunlop darapọ̀ mọ́ wọn.

Ìdààmú

Nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ burúkú kan dé. A rí i pé ẹnì kan ti ronú kan táyà afẹ́fẹ́ ṣáájú Dunlop. Robert William Thomson ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Scotland ni òun náà. Ó ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1845. Ṣùgbọ́n kò tíì sí kẹ̀kẹ́ tó dára lójú ọ̀nà nígbà ayé rẹ̀, rọ́bà sì wọ́n, nítorí náà àwọn ènìyàn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Dunlop kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òfin kò wo ìyẹn. Ìwé àṣẹ Dunlop kò níyì mọ́.

Ìṣòro kejì tún wà. Ṣe ni wọ́n lẹ táyà ìgbà náà mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí ìṣó bá lu ú, iṣẹ́ ńlá ni láti tún un ṣe. Ní ilẹ̀ Faransé, oníkẹ̀kẹ́ kan gbé táyà Dunlop tó ti lu wá sí ilé iṣẹ́ àwọn ará Michelin ní ìlú Clermont-Ferrand. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta láti ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì tún ní láti fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí àtè rẹ̀ lè gbẹ. Édouard Michelin ronú sí i. Ó ṣe táyà tí a lè tú kúrò, kí a lẹ̀ ẹ́, kí a sì dá a padà ní kíákíá. Ní ọdún 1891, Charles Terront lo irú táyà yìí nínú ìje láti Paris dé Brest, kó tún padà sí Paris. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 1200. Terront lo bíi wákàtí 71, òun ló sì gba ipò kìíní. Ẹni tó ṣe ipò kejì lo táyà Dunlop.

Ilé iṣẹ́ Dunlop náà kò sùn. Wọ́n ra ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti rí ọ̀nà láti mú kí táyà ṣeé tú, kí ó sì ṣeé fẹ́ dáadáa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Táyà tí à ń lò lónìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Bí táyà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń wá rọ́bà kiri. Ní ilẹ̀ Kóńgò, lábẹ́ Leopold Kejì ọba Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n fi ipá mú àwọn ènìyàn láti kó rọ́bà nínú igbó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò. Nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá tó wà lẹ́yìn Èkó, àwọn ènìyàn rọ́ wọ igbó láti gba oje igi rọ́bà ní àwọn ọdún 1890. Owó wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gé igi lágèéjù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kú, òwò náà sì rọlẹ̀. Ìrọ̀rùn ẹnì kan lè di ìnira ẹlòmíràn bí a kò bá ṣọ́ra.

Ìkẹyìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1895, Dunlop kúrò nínú ilé iṣẹ́ náà, ó sì ta ìpín rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà ní owó ńlá, ṣùgbọ́n Dunlop kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò di olówó rẹpẹtẹ nínú òwò táyà. Ó ń gbé ní Dublin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1921. Ẹni ọdún 81 ni. Ọmọ tí wọ́n ní ara rẹ̀ kò le gbó, ó sì tọ́.

Orúkọ rẹ̀ kò kú. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ táyà Dunlop bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní Èkó. Nínú èdè Faransé, pneu ni à ń pe táyà. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ tàbí èémí ni orúkọ yìí ti wá.

Ẹni tó ń wá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí yóò fi máa dánra wò lójoojúmọ́ ní Gbégamey, ìbéèrè Dunlop náà ló wà níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn eléré ìje ńlá fúyẹ́, sípóòkù rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n. Bí sípóòkù kan bá ṣẹ́, ó lè wọ́ débi pé kò ní ṣeé gùn mọ́. Èyí tó ní sípóòkù 32 tàbí 36 wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣẹ́, àwọn yòókù á gbé ènìyàn délé. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ dára fún iyanrìn àti òkúta. Ó yẹ kí àárín ẹsẹ̀ náà jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àdúgbò lè tú, kó sì fi gírísì sí. Ó yẹ kí túùbù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí a lè rí rà nítòsí. Kí a tó sanwó, kí a gbé e sókè, kí a yí i, kí a wò ó bóyá ó ń mì sọ́tùn-ún sósì.

Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ lé ọ̀nà Dunlop. Kò tẹ̀ lé ariwo ọjà. Ó yí i, ó wò ó, kó tó gbà pé ó dára.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni Dunlop ń ṣe ní Belfast?
2. Kí ló mú kí kẹ̀kẹ́ Johnny máa gbọ̀n?
3. Ṣàlàyé bí Dunlop ṣe dán ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì wò nínú àgbàlá.
4. Kí nìdí tí ìwé àṣẹ Dunlop kò fi níyì mọ́?
5. Bí o bá fẹ́ ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí yóò tọ́, nǹkan mẹ́ta wo ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò?