Ẹni Mímọ́ Augustin: ọmọ Áfíríkà tí àánú Ọlọ́run dúró dè

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ọmọ Áfíríkà kan tí òun náà jẹ́ katekumẹ́nì, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ọdún 354 ni a bí Augustin ní ìlú Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algérie lónìí. Onígbàgbọ́ ni Monique ìyá rẹ̀. Patrice bàbá rẹ̀ kò tíì gba Kristi nígbà náà. Láti kékeré ni a ti fi àmì àgbélébùú sí i lára, tí a sì fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, bí a ti ń ṣe fún katekumẹ́nì ní ìgbà náà. Nígbà tí àìsàn kọlù ú ní èwe, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ ti yá, a sún un síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yìn ìrìbọmi burú ju ti ìṣáájú lọ.

Kí ni ó tẹ̀lé e? Augustin lọ kàwé ní Carthage, ó sì di ọ̀mọ̀wé. Ó ń bá obìnrin kan gbé láìṣe ìgbéyàwó, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin kan fún un, Adéodat. Fún nǹkan bí ọdún 9 ni ó fi tẹ̀lé ẹ̀kọ́ èké ti Mani. Monique ń sunkún, ó ń gbàdúrà, kò dẹ́kun.

Nígbà tí ó dé Milan, ní ilẹ̀ Itálíà, ó ń gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀pù Ambroise. Ọkàn rẹ̀ gba òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Ojoojúmọ́ ni ó ń fi í di ọ̀la. Ó fẹ́ fi agbára ara rẹ̀ já ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà kò já. Ní ọdún 386, ó dojú bolẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú ọgbà kan, ó ń sunkún kíkorò. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan tí ń kọrin pé kí ó mú ìwé, kí ó kà. Ó ṣí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, níbi tí Àpóstélì náà ti ń pè wá kúrò nínú ìwà òkùnkùn, kí a lè gbé Jésù Kristi wọ̀ bí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú ọkàn rẹ̀. Ohun tí agbára rẹ̀ kò lè ṣe, àánú Ọlọ́run ṣe é.

Ní ọdún 387, ó forúkọ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀kọ́ bí ẹ̀yin náà ti ń gbà á. Ní òru Àjíǹde, Ambroise rì í bọmi, pẹ̀lú Adéodat ọmọ rẹ̀ àti Alype ọ̀rẹ́ rẹ̀. Monique fojú rí i kí ó tó kú ní Ostie ní ọdún kan náà.

Augustin padà sí Áfíríkà. Ó di àlùfáà ní ọdún 391, lẹ́yìn náà ó di bíṣọ́ọ̀pù ìlú Hippone. Ó kọ ìwé kan nínú èyí tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Kì í ṣe láti fi ẹ̀ṣẹ̀ yangàn, bí kò ṣe láti yin Ẹni tí ó ṣàánú fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọsìn wa: ìdúpẹ́ ẹni tí a dárí jì ni.

Ní ọdún 430, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Vandale dó ti Hippone, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní kí a kọ àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà, kí a sì fi wọ́n sára ògiri níwájú ibùsùn rẹ̀. Ó ń kà wọ́n, omijé ń dà lójú rẹ̀, títí ó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ. Ẹ wò ó: bíṣọ́ọ̀pù tí ó ti sìn fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbé ìrètí rẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀. Àánú Ọlọ́run nìkan ni ó gbé e lé.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú yín ń wí lọ́kàn pé ẹ̀ṣẹ̀ òun pọ̀ jù, pé kí òun kọ́kọ́ tún ara òun ṣe ná. Arákùnrin mi, arábìnrin mi, a kì í wẹ̀ tán kí a tó lọ sí odò. Àánú Ọlọ́run kì í ṣe àyè láti máa dẹ́ṣẹ̀ lọ. Òun gan-an ni agbára tí a fi ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Má fi í di ọ̀la mọ́.

Ẹni Mímọ́ Augustin, gbàdúrà fún wa.