Leonhard Euler: ojú fọ́, iṣẹ́ ò dúró

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí, nítòsí Ìsẹ́yìn, á mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́ta lèèyàn nílò láti sọ ibi tó dúró sí lórí òkè náà: bó ṣe rìn jìnnà tó sí ìlà-oòrùn, bó ṣe rìn jìnnà tó sí àríwá, àti bó ṣe gòkè tó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí là ń pè ní x, y àti z nígbà tí wọ́n bá ní ká fi kọ̀ǹpútà ya gíráàfù oníhà mẹ́ta. Ọ̀kan lára àwọn tó la ọ̀nà náà fún wa ni Leonhard Euler.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1707 ni wọ́n bí i ní ìlú Basel, ní Swítsàlándì. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà tẹ̀ lé òun. Johann Bernoulli, àgbà onímọ̀ ìṣirò, ló rí ẹ̀bùn ọmọ náà tó sì bá bàbá sọ ọ́ tó fi gbà. Ní 1727, Euler kó lọ sí St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Ní 1734 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ f(x) bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Kò pẹ́ sígbà náà tí àìsàn fi ba ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Ó kó lọ sí Berlin ní 1741.

Ní 1748, ó tẹ ìwé Introductio in analysin infinitorum jáde, apá méjì. Níparí apá kejì, ó fi hàn pé ìṣirò tó ní x, y àti z nínú lè dúró fún ojú ilẹ̀ tó ga níhìn-ín, tó lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó ń gbà mọ bí ojú náà ṣe rí ni pé kó gé e, kó sì wo ìlà tó hàn níbi tó ti gé e.

Ọgbọ́n yìí wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo oko iṣu tí wọ́n kọ ebè sí ní ìlà-ìlà. Ẹ jẹ́ kí x bẹ̀rẹ̀ láti −2 dé 2, kó máa fi 0.5 pọ̀ sí i; kí y náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ebè 9 ní ìlà kan, ìlà 9: ebè 81. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà mú x kọ̀ọ̀kan, kó sì gba gbogbo y kọjá lórí rẹ̀, kó máa ṣírò z = x² − y² ní orí ebè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó so ebè kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gíráàfù ti dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gé e kí ẹ tó wò ó. Bí y bá jẹ́ 0, ìlà náà ń gòkè lápá méjèèjì, ó sì dé 4. Bí x bá jẹ́ 0, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lápá méjèèjì, títí dé −4. Gàárì ẹṣin ni! Ẹ tún wo z = 1/(x² + y²): ní àárín oko, odo ni a fẹ́ fi pín 1. Kò sí ìdáhùn níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní kí kọ̀ǹpútà fo ebè yẹn.

Euler padà sí St. Petersburg ní 1766, kò sì pẹ́ tí ojú òsì tó kù náà ṣú. Ní 1771, iná jó ilé rẹ̀. Peter Grimm, ọmọ ìlú Basel bíi tirẹ̀, ló gbé e jáde. Ní 1773, Katharina ìyàwó rẹ̀ kú. Síbẹ̀, ó ń sọ, àwọn ọmọ rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kọ. Nǹkan bí ìdajì gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló jáde láti ìgbà tó padà dé yẹn. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1783 ló kú, lẹ́ni ọdún 76.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ọkùnrin yìí kò ní ojú tó lè fi wo gíráàfù mọ́, ó sì mọ̀ bó ṣe rí. Àwa ní ojú, a ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ṣé a lè sọ bí z wa ṣe rí? Kí ẹ tó ní kí kọ̀ǹpútà yà á, ẹ fi y sí 0, ẹ fi x sí 0, ẹ ya ìlà méjèèjì sínú ìwé. Bí ti ìwé àti ti kọ̀ǹpútà kò bá bára mu, ẹ wá àṣìṣe náà rí kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.