Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ìránṣẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti onírúurú ilẹ̀ wá, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìtàn Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọkùnrin tí a kó lẹ́rú tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́ fún èmi náà ní kékeré, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́, apá mìíràn nínú rẹ̀ ni ó ń gba ọkàn mi: bí a ṣe kọ́ ọ, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí òun náà rán níṣẹ́.

Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Nígbà tí ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní ọdún 1827 láti kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù ọmọ Áfíríkà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ padà wá kọ́ni níbẹ̀.

Ní ọdún 1841, òun àti Schön, ajíhìnrere ọmọ Jámánì, bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya. Ibà mú 130 nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ó kéré tán, 40 kú. Àdánù yìí la ojú àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n rí i pé ọmọ Áfíríkà tí a kọ́ dáadáa ni yóò gbé ìhìnrere dé àárín ilẹ̀. Wọ́n mú Crowther lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ó sì gba oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà.

Ní ọdún 1857 ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha, ó sì fi J. C. Taylor sí ibẹ̀, àlùfáà tí a bí ní Sàró, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìbò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọkọ̀ oníṣòwò ni bíṣọ́ọ̀bù ń bá rìn, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Sàró; wọn kò gbọ́ èdè àwọn tí a rán wọn sí, ẹ̀kọ́ tí àwọn mìíràn gbà kò sì tó. Àwọn kan ṣìwà hù nítòótọ́. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́.

Nígbà tí ó di ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó dé, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà. Crowther fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1892, ọmọ rẹ̀, Dandeson, àti àwọn ìjọ tí ó wà ní etí òkun Odò Ọya dá dúró, wọ́n ń ṣàkóso ara wọn.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ọdún 1890, ọwọ́ òsì nìkan ni a lò. Èmi gbàgbọ́ pé àṣìṣe ìjọ kì í ṣe pé ó rán àwọn ọmọ Áfíríkà níṣẹ́, bí kò ṣe pé ó rán wọn tán, kò sì kọ́ wọn mọ́. Ẹ̀kọ́ àlùfáà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ olùkọ́, kò parí ní ọjọ́ tí a gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbàkígbà tí ìjọ bá fẹ́ sọ iṣẹ́ ìhìnrere rẹ̀ di ọ̀tun, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: àwọn tí mo rán jáde lánàá, ta ni ó ń bẹ̀ wọ́n wò lónìí?