Ìtàn Ìgbésí Ayé Ernest Everett Just, Olùkọ́ tí Ó Wádìí Àṣírí Ẹyin

Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ìmọ̀ ṣe aráyé ní àǹfààní, ẹni kan wà tí ó yẹ kí gbogbo àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ernest Everett Just. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bíi tiwa ni ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni ìwádìí tí ó ṣe lórí bí ẹyin ṣe ń gba àtọ̀, bí ó ṣe ń pín sí méjì, àti bí ó ṣe ń di odindi ẹ̀dá alààyè.

A bí i ní ọjọ́ 14 oṣù August, ọdún 1883, ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 18 lẹ́yìn tí a fi òfin sọ àwọn ẹrú ilẹ̀ náà di òmìnira. Bàbá rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ èbúté, kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀, Mary Just, jẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó olùkọ́ kò tó gbọ́ bùkátà, a máa lọ bá wọn wa fósífétì, tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, ní erékùṣù James Island. Obìnrin yìí kò sì mọ ti ara rẹ̀ nìkan. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, wọ́n tẹ ìlú kan dó, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é ní Maryville. Nígbà tí Ernest wà ní kékeré, ibà táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ti gbàgbé ìwé kíkà pátápátá, ó sì di dandan kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tún mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 13, ìyá rẹ̀ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti aláwọ̀ dúdú ní Orangeburg. Ní ọdún 1899, kí ó tó pé ọmọ ọdún 16, ó ti gba ìwé àṣẹ láti máa kọ́ni. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1900, ó lọ sí ìhà àríwá, sí ilé-ẹ̀kọ́ Kimball Union ní New Hampshire. Ibẹ̀ ni ó wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Nígbà tí yóò fi dé ilé, wọ́n ti sin ín. Ìbànújẹ́ yìí ìbá ti dá ẹlòmíràn padà, ṣùgbọ́n òun padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì parí ní ọdún 1903. Láti ibẹ̀ ó wọ Dartmouth, ó sì jáde pẹ̀lú ọlá gíga ní ọdún 1907. Ibẹ̀ ni ó ti ka nípa bí ẹyin ṣe ń dàgbà, ọ̀rọ̀ náà sì gbà á lọ́kàn títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1907 kan náà, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Howard ní Washington. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ kọ́ wọn níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Láti ọdún 1909, bí ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a máa lọ sí Woods Hole ní etí òkun Massachusetts, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹranko òkun, láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Lillie.

Kí ohun tí ó ń wá tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bíríkì mọ ògiri. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í ti inú òfo jáde. Láti ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni ó ti ń wá. Kí ó tó pín, àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní àárín rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí, a kọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun méjèèjì lè gba ìpín tiwọn ní pípé. Ti ènìyàn jẹ́ 46: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àgbẹ̀ ní Ìṣùà Àkókó a máa gé iṣu ní ẹbu, ẹbu kọ̀ọ̀kan a sì hù láìsí akọ, láìsí abo. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀lọ́ tí ń yé ẹyin sínú adágún omi nígbà òjò àkọ́rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹyin abo gbọ́dọ̀ gba àtọ̀ akọ ná. Bí a bá wá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo irú ẹyin bẹ́ẹ̀, a ó rí i tí ọ̀kan di méjì, tí méjì di mẹ́rin, tí mẹ́rin di mẹ́jọ, títí yóò fi di ọmọ onírù tí ń wẹ̀ nínú omi.

Just kò lo ọ̀pọ̀lọ́ ní Woods Hole. Ẹyin àwọn ẹranko òkun ni ó lò. Ní òru, wọn a gbé àtùpà sí ojú omi láti kó ekòló òkun tí à ń pè ní Nereis. Ní ọdún 1912, ó fi hàn pé ibi tí àtọ̀ bá gbà wọ inú ẹyin Nereis ni ilà ìpín àkọ́kọ́ ń gbà kọjá. Ní ọdún 1919, ó kọ̀wé nípa ẹyin ẹranko òkun pẹlẹbẹ kan tí ó rí bí owó fàdákà ńlá. Ó rí i pé bí àtọ̀ kan bá ti wọlé, ìyípadà kan a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibẹ̀, a sì yára tàn yí ẹyin ká bí ìgbì omi, kò sì ní sí àyè fún àtọ̀ mìíràn mọ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí àtọ̀ bá ju ọ̀kan lọ, pípín àwọn fọ́nrán náà a dàrú, ọlẹ̀ náà a sì máa kú lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni ó gbájú mọ́ àárín sẹ́ẹ̀lì nìkan; Just ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ìpele òde rẹ̀ kì í ṣe àpò lásán, ṣùgbọ́n ohun alààyè tí ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìmọ́tótó àti sùúrù rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Bí ìgò bá ní ìdọ̀tí díẹ̀, tàbí tí omi gbóná jù, ó mọ̀ pé ẹyin inú rẹ̀ kò ní fi òtítọ́ hàn. Nítorí náà àwọn onímọ̀ aláwọ̀ funfun a máa wá bi í bí a ṣe ń tọ́jú ẹyin.

Ní ọdún 1915, ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Spingarn. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ní ọdún 1916, Yunifásítì Chicago fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Síbẹ̀, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ńlá ti aláwọ̀ funfun ní ilẹ̀ rẹ̀ tí ó gbà á sí iṣẹ́. Àwọn tí ń tọ̀ ọ́ wá fún ìmọ̀ kò ní àyè fún un lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀ràn yìí dùn ún wọra.

Ní ọdún 1929, ó kọjá sí Naples ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1930 sì ni ó ṣiṣẹ́ ní Berlin, níbi tí wọ́n ti gbà á bí ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, ó fi Jámánì sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1939 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìpele òde sẹ́ẹ̀lì jáde, pẹ̀lú òmíràn tí ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ẹyin àwọn ẹranko òkun fún ìwádìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1940, a fi í sí àgọ́ àwọn ẹni àhámọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún náà pẹ̀lú àìlera, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù October, ọdún 1941, ní ẹni ọdún 58.

Ilẹ̀ tí kò fún un ní àyè nígbà ayé rẹ̀ tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù ní ọdún 1996, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìpele òde sẹ́ẹ̀lì ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ń kà sí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ tí ó gbàgbé ìwé kíkà lónìí lè di ọ̀mọ̀wé lọ́la, bí ẹni tí ń kọ́ ọ bá ní sùúrù bíi ti Mary Just. Bí a bá sì dé ẹnu iṣẹ́ wa, kí a má ṣe fi ìwé nìkan kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun abẹ̀mí. Kí a mú wọn lọ sí etí adágún, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ẹyin tí ń pín.